Kíkà nìkan ò lè sọ iye sẹ́ẹ̀lì T tó ń kú

Ọ̀kun o, àbúrò mi. O ní mọ́dẹ́lì tó o kọ sórí kọ̀ǹpútà nípa sẹ́ẹ̀lì T (sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara) inú thymus, ẹ̀yà ara inú àyà tí wọ́n ti ń dàgbà, bá dátà eku rẹ mu rẹ́gí, àmọ́ gbogbo ìgbà tó o bá rọ́ọ̀nù ẹ̀ ni nọ́mbà ikú ń yí padà, ṣé kóòdù ló bàjẹ́ ni. Kóòdù ẹ ò ṣe nǹkan kan. Oṣù méje lèmi fi wá àṣìṣe tí ò sí nínú kóòdù tèmi, nílé ìyá mi ní Ìsánlú, jẹ́nẹ́rétọ̀ ni mo fi ń ṣáájì láptọ́ọ̀pù, mo tiẹ̀ sunkún.

Màmá máa ń ra kajú. Mo ka àpò inú sítọ́ọ̀ nírọ̀lẹ́, 30, ọjọ́ kejì 30 náà ni, mo ní áà, ọjà ò kúrò lójú kan. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ? 12 wọlé, 12 jáde." Ara mi bù máṣọ. Bí thymus náà ṣe rí nìyẹn. Tó o bá ka sẹ́ẹ̀lì nìkan, ohun tó wọlé yọ ohun tó jáde lo rí, o lè fi nǹkan kan náà kún méjèèjì, gíráàfù ò ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ikú yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà: sẹ́ẹ̀lì tí ò bá lè dá MHC ara (pròtéènì ojú sẹ́ẹ̀lì tí sẹ́ẹ̀lì T máa ń yẹ̀ wò) mọ̀ á kú, ọ̀pọ̀ èyí tó bá dì mọ́ ọn jù náà á kú kó má baà bá ara jà, èyí tó ń jáde láàyè ò tó nǹkan.

Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àpò 12 tó wọlé ní Mọ́ńdè. Ní Wẹ́sídè, 5 ló kù, mo wá mọ̀ pé 7 ti jáde. Ṣọ́ọ̀kì ti thymus ni BrdU, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń fún eku, inú DNA sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lọ́wọ́ ló ń wọ̀, tí wọ́n ò bá fún un mọ́, o lè máa wo bí àmì yẹn ṣe ń tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ o, double positive (sẹ́ẹ̀lì T tí ò tíì dàgbà tán, tó ní CD4 àti CD8 lójú) tó kúrò kì í ṣe pé ó kú gbogbo ẹ̀, àwọn kan ti di single positive, tó ní ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, nítorí náà ka ìyẹn náà.

Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fún ẹ ní dátà bóyá wọ́n ṣe BrdU. Kó o tó rí ìyẹn, di nọ́mbà ikú mú síbì kan, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá àwọn nọ́mbà ìyókù, sún un díẹ̀, tún un ṣe. Bí àṣìṣe, ìyẹn bí mọ́dẹ́lì ṣe jìnnà sí dátà tó, ò bá lọ sókè rárá, tó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ, jọ̀ọ́ má fi nọ́mbà yẹn sínú tíṣíìsì ẹ.