Ẹ má tíì tú míta yín o

Ẹ ní omi inú páìpù gíláàsì yín ṣì ń ṣàn jẹ́jẹ́ ní nọ́ńbà Reynolds 4000 (ìyẹn ìyára omi ní ìlọ́po ìbú páìpù, tí a wá fi bí omi ṣe ki tó pín), bẹ́ẹ̀ ìwé ní ó yẹ kó ti dàrú láti 2300. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi míta tó ń wọn ìṣàn omi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú tèmi, kò sóhun tó ṣe é.

Páìpù tó fẹ̀ ní mìlímítà 10 ni mo ń lò, mo ń fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín da aró sí àárín omi. Lọ́jọ́ kan, okùn aró yẹn dúró gbọnrangandan títí ó fi kọjá 5000. Lọ́jọ́ kejì, kò tiẹ̀ dé 2500 tó fi fọ́n ká. Mo ti bú míta yẹn tán kí n tó rántí pé lọ́jọ́ tó dàrú, ńṣe ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ omi sí táǹkì, n kò dúró kó tòrò. Páǹpù tún wà lórí tábìlì kan náà, ó ń gbọ̀n ọ́n.

Ìṣàn jẹ́jẹ́ inú páìpù kì í dédé dàrú, àfi kí nǹkan dá a láàmú. Bí ìyára bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdààmú bíńtín á ṣe máa tó o. Reynolds fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe nọ́ńbà yìí, ní Manchester ní 1883, lo páìpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti kàkàkí, ó jẹ́ kí omi tòrò dáadáa, ó sì dé nǹkan bíi 13,000. Àwọn tó tẹ̀ lé e ti dé 100,000.

Nọ́ńbà tí mo kà sí ni ti ìsàlẹ̀, nǹkan bíi 2040, tí àwọn olùwádìí gbé jáde ní 2011. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ẹ da omi láàmú tó, rúdurùdu náà á pàpà kú. Tó bá ti jù ú lọ, rúdurùdu máa ń pín sí méjì kó tó ráyè kú, ibẹ̀ ló ti ń tàn.

Ẹ wò ó ní nǹkan bíi 2100: okùn aró á gbọ̀n, á fọ́ di ìkùukùu tó gùn tó ìlọ́po ogún ìbú páìpù, ìkùukùu á kọjá, okùn á tún tọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, afẹ́fẹ́ ni mo rò pé ó wọnú abẹ́rẹ́.

Ẹ wọn bí omi ṣe gbóná tó pẹ̀lú. Omi 30°C kì í ki tó ti 20°C. Ìyára tó fún yín ní 2000 nínú èyí tó tutù á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 2500 nínú èyí tó gbóná.

Ẹ rọ omi lálẹ́ òní, kí ẹ lọ sùn. Láàárọ̀, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ láìtan páǹpù, kí ẹ wá sọ iye tó dé fún mi.