Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Mo Ti Ara Mi Mọ́ Ìta Switch Mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń mójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn. A ra switch Cisco Catalyst 2960 kan (àpótí tí a fi ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) ní tòkunbọ̀. Ó ní ihò 24, pẹ̀lú ihò gígábíìtì méjì tí a kò tíì lò. Adírẹ́sì rẹ̀, 192.168.1.2, wà lórí VLAN 1 (VLAN ni ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a yà sọ́tọ̀ nínú switch kan náà), ibẹ̀ ni mo sì máa ń gbà wọ inú rẹ̀. Nítorí pé n kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ́fíìsì akápò jọ wà lójú ọ̀nà kan náà, mo dá VLAN 10 sílẹ̀ fún yàrá kọ̀ǹpútà, VLAN 20 fún akápò, àti VLAN 99 fún àkóso switch náà, mo sì fún VLAN 99 ní adírẹ́sì 192.168.99.2. Mo pín ihò 1 sí 16 fún VLAN 10, mo sì pín 17 sí 24 fún VLAN 20. Kọ̀ǹpútà tèmi wà ní ihò 23, router, ẹ̀rọ tó ń gbé dátà láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn, wà ní 24. Bí mo ti tẹ àṣẹ ìkẹyìn yìí ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́, switch náà kò sì dá mi lóhùn ní adírẹ́sì méjèèjì títí di òní. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́ rárá. Iṣẹ́ tí ẹ rán an gan-an ló jẹ́. Ẹ̀yin lẹ jáde síta tí ẹ fa ilẹ̀kùn dé, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí tábìlì nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Lórí irú switch yìí, VLAN ni a máa ń fún ní adírẹ́sì àkóso, a kì í fún ihò kan pàtó, adírẹ́sì náà kì í sì í jí àyàfi bí VLAN rẹ̀ bá ní, ó kéré tán, ihò kan tí ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ so mọ́, tàbí bí trunk (ihò tó ń gbé ọ̀pọ̀ VLAN pọ̀ lórí wáyà kan) tó wà láàyè bá ń gbé e kọjá. Nígbà tí ẹ kó gbogbo ihò 24 kúrò nínú VLAN 1, tí ihò gígábíìtì méjèèjì sì ṣófo, VLAN 1 kú. VLAN 99 ní tirẹ̀ kò tiẹ̀ jí rí, nítorí pé ẹ kò fún un ní ihò kankan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ kò bá tíì fi copy running-config startup-config pa iṣẹ́ náà mọ́, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kí ẹ sì tún un kì bọ̀ ọ́, ètò àtijọ́ ni yóò fi jí. (Bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bá yín ṣe é kí lẹ́tà yín tó dé.) Bí ẹ bá ti pa á mọ́, ihò console ló kù, ìyẹn ihò àkóso tí a máa ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ tààrà. Ẹ wá wáyà console, èyí pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù, pẹ̀lú ohun tí yóò so ó mọ́ USB kọ̀ǹpútà alágbèéká yín. Ẹ ṣètò PuTTY (sọ́fítíwia tí a fi ń tẹ àṣẹ sí switch láti orí kọ̀ǹpútà) sí ìyára 9600, data bit 8, stop bit 1, láìsí parity. Console kò bìkítà fún VLAN tàbí adírẹ́sì. Èmi kì í fọwọ́ kan ètò àkóso switch kankan láìjẹ́ pé wáyà yìí wà nínú àpò mi.

Ní báyìí, ẹ la ọ̀nà tuntun kí ẹ tó dí ti àtijọ́. Ẹ fi ihò 23 sílẹ̀ fún VLAN 99 nìkan, kí ó jẹ́ ti ẹ̀yin alábòójútó. Ẹ gbé router lọ sí ihò gígábíìtì kìn-ín-ní, kí ẹ sì sọ ihò náà di trunk pẹ̀lú switchport mode trunk, kí ó lè máa gbé VLAN 10, 20 àti 99 pọ̀ lórí wáyà kan. Ohun tó ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni ìlànà IEEE 802.1Q, tí wọ́n gbé jáde ní 1998: ó máa ń fi àmì báìtì 4 sára ìdì dátà kọ̀ọ̀kan, bíìtì 12 nínú rẹ̀ sì ni nọ́ńbà VLAN, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tí a lè lò fi bẹ̀rẹ̀ láti 1 tó sì parí sí 4094. Router yín gbọ́dọ̀ lóye àmì yìí, kí ó sì ní adírẹ́sì fún VLAN kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ router kékeré tí a ń lò nílé kò lè ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ip default-gateway 192.168.99.1 han switch, ìyẹn adírẹ́sì router ní VLAN 99, kí ó lè dá ẹni tó bá pè é láti VLAN mìíràn lóhùn.

Ohun kan wà tí lẹ́tà yín kò mẹ́nu bà. Bí router bá ti wà láàárín VLAN 10 àti VLAN 20, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé dátà akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ akápò, àyàfi bí ẹ bá kọ access list (àkọsílẹ̀ ohun tó lè kọjá àti èyí tí kò lè kọjá) tó ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì fi kún un pé VLAN 10 kò gbọdọ̀ dé 192.168.99.2.

Ẹ má ṣe gba Telnet, ọ̀nà àtijọ́ láti wọ switch láti ọ̀nà jíjìn, láàyè pẹ̀lú, nítorí pé gbangba ni ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá. SSH, tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí kí ó tó kọjá, ni kí ẹ lò: ẹ fún switch ní hostname àti ip domain-name, ẹ ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ RSA oníbíìtì 2048, ẹ dá orúkọ aṣàmúlò kan pẹ̀lú secret rẹ̀, kí ẹ wá tẹ login local àti transport input ssh lábẹ́ line vty 0 15. Bí switch bá ní òun kò mọ àṣẹ crypto, èyí tí a fi ń ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ wo show version. Bí k9 kò bá sí nínú orúkọ IOS (sọ́fítíwia tó ń darí switch) rẹ̀, irú IOS tí kò ní SSH ni wọ́n tà fún yín.

Nígbàkígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yí ètò padà láti ọ̀nà jíjìn, ẹ kọ́kọ́ pa èyí tó dára mọ́, kí ẹ sì tẹ reload in 10. Bí ẹ bá ti ara yín mọ́ ìta, yóò tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú ètò àtijọ́. Bí ohun gbogbo bá dára, reload cancel ni kí ẹ tẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti tẹ erase startup-config, mo sì tún switch mi tàn, síbẹ̀ VLAN ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Inú fáìlì mìíràn tó ń jẹ́ vlan.dat ni switch máa ń kọ àwọn VLAN sí, èyí tó wà nínú flash (ibi ìpamọ́ tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ). Ẹ tẹ delete flash:vlan.dat, kí ẹ sì tún un tàn. Ẹ rọra ka orúkọ fáìlì tó bá bi yín léèrè kí ẹ tó tẹ Enter, nítorí inú flash kan náà ni IOS wà.