PVC orí ìwé ECG Màmá
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ẹ ní kí ló kan PVC káàdì ìdìbò lórí ìwé ECG wọn, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù. Kò kàn án rárá, orúkọ ló jọra. Tẹ́ ẹ bá béèrè PVC lọ́wọ́ plumber ní Láfẹ́nwá, páìpù ló máa gbé fún yín. Ti ọsibítù, Premature Ventricular Contraction ni, ìyẹn ni pé ìsàlẹ̀ ọkàn sáré lù kí àsìkò ẹ̀ tó tó ó wá dánu dúró díẹ̀ kó tó lu èyí tó kàn, ẹ wo bébà yẹn dáadáa, ẹ máa rí ìlà kan tó fẹ̀ ju àwọn tó kù lọ tó yára wọlé. Ẹni tára ẹ̀ le náà máa ń ní in, àìsùn tàbí kọfí lè fà á. Ṣùgbọ́n tí òòyì bá ń kọ́ wọn tàbí wọ́n dákú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn lọ ọsibítù FMC ní Ìdí-Abà, Abẹ́òkúta, lónìí.