Ẹ Bi Ìyá Olówùú: Ṣé Alpaca Lè Gbé ní Kábbà?

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, torí ọ̀rọ̀ òwú àti irun ẹran ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí àkọ́kọ́ ni mo rò pẹ́ jù kí n tó mú bírò.

*Òkun o, Mà. Ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lọ́dún tó kọjá, a sì ní ilẹ̀ bí éékà mẹ́ta ní ọ̀nà Ìyàrá. Àwọn ọmọ mi fi fídíò ẹran kan hàn mí lórí fóònù, alpaca ni wọ́n ń pè é. Ó jọ àgùntàn lára, ọrùn rẹ̀ sì gùn bíi ti ràkúnmí. Àbúrò ọkọ mi tó wà lókè òkun ní òun lè bá wa ra méjì. Mo mọ súwẹ́tà ọmọ ọwọ́ hun dáadáa. Èrò mi ni pé kí n máa rẹ́ irun ẹran náà, kí n máa ran án, kí n máa hun ún tà nígbà ọyẹ́. Kí ló ń jẹ? Ṣé yóò gbé ní ilẹ̀ wa? — Ọmọ yín, Kábbà*

Ọmọ mi, mo mọ bí ojú ẹran yẹn ṣe ń fa ènìyàn mọ́ra. Èmi náà ti ki ọwọ́ bọ irun ọrùn rẹ̀ rí. Ó rọ̀ ju òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n lọ, ó sì gbóná nísàlẹ̀ bí ìtẹ́ tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀.

Lọ́dún 2016, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Bradford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bímọ, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Oṣù méje ni mo lò. Tọkọtaya kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní oko kékeré kan lẹ́yìn ìlú, alpaca mẹ́sàn-án ni wọ́n sì ń sìn níbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó gbọ́ pé mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé wọn kì í sin ẹyọ alpaca kan. Ẹran agbo ni. Bó bá dá wà, ó lè kọ oúnjẹ, kó máa rù. Méjì tí àbúrò ọkọ rẹ ń wí pàápàá ti kéré jù. Koríko tútù àti koríko gbígbẹ ló ń jẹ, kò sì jẹ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ rẹ̀ wù mí gan-an, torí ojú kan náà ni gbogbo agbo ti ń yàgbẹ́, bí ẹni pé wọ́n ní ṣáláńgá. Ìyàwó á fi ṣọ́bìrì kó o lẹ́ẹ̀kan, ó di ìdí ewébẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí abo kan tó tutọ́ sí akọ lójú, itọ́ eléwé tó ń rùn, láti inú ikùn. Mo bẹ̀rù, àmọ́ inú ìyàwó dùn. Ó ní abo náà ti lóyún nìyẹn, torí abo tó bá ti lóyún kì í jẹ́ kí akọ sún mọ́ òun mọ́. Oyún yẹn á lò ju oṣù 11 lọ, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà ń bí. Rántí pé àgùntàn tiwa ń bí ní oṣù márùn-ún, ó sì lè bí ìbejì.

Inú oṣù kẹfà ni wọ́n rẹ́ irun wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n tẹ́ ẹní rọ́bà, wọ́n gbé ẹran náà lé e, wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n sì nà án tọ̀ọ̀ kí ó má baà ta pútú kí ẹ̀rọ gé e lára. Èmi ni mo di orí mú. Ó ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn, bí ọmọ tí oorun ń kùn, ọkàn mi sì gbọgbẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ́n ti tú u sílẹ̀, ó sì sá lọ bá àwọn yòókù. Irun ẹ̀yìn àti ti ìhà bọ́ sínú àpò kan. Ti ọrùn àti ẹsẹ̀, tó le, bọ́ sínú òmíràn. Àpapọ̀ irun ẹran kan kò ju bíi kílò méjì sí mẹ́ta lọ, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló sì ṣeé hun. Súwẹ́tà àgbàlagbà kan ń gba bí ìdajì kílò òwú tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti ya, tí wọ́n sì ti ran. Fi èyí ṣírò iye súwẹ́tà tí ẹran méjì máa fún ọ lọ́dún.

Mo bi ọkọ bóyá irun yìí ló fi ń bọ́ ilé. Ó ní rárá, ọkọ̀ akẹ́rù lòun ń wà. Owó tí àwọn ẹran náà ń mú wọlé jù wá láti ọ̀dọ̀ àlejò tó ń sanwó láti fi okùn mú wọn rìn káàkiri pápá lọ́jọ́ ìsinmi.

Ní ti pé bóyá yóò gbé nílẹ̀ wa, ooru ni ìṣòro tó tóbi jù. Orí àwọn òkè Andes ní Peru, Bolivia àti Chile ni ilé ẹran yìí, níbi tó ga ju mítà 3,500 lọ, tí omi ti ń dì lóru. Òkè wa kankan kò sún mọ́ ibẹ̀. Ní Bradford pàápàá, níbi tí mo ti ń wọ aṣọ mẹ́ta lé ara wọn, ọjọ́ tí oòrùn bá mú díẹ̀, ìyàwó á sáré gbé rọ́bà omi, á máa fọ́n ọn sí wọn ní ikùn àti lábẹ́ ẹsẹ̀. Kì í fọ́n ọn sí ẹ̀yìn wọn, nítorí irun tó bá mu omi á ká ooru mọ́ ara. Bí ooru bá wọ̀ wọ́n lára tán, wọ́n á la ẹnu máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ wọn á sì kọ̀ láti gbé wọn. Wá rò ó wò ní oṣù kẹta ní Kábbà, nígbà tí àwa tí a kò ní irun lára kò rí oorun sùn.

Èkejì ni eṣinṣin tsetse. Ràkúnmí, ìbátan alpaca, ń gbé ní Sókótó àti Kánò, ṣùgbọ́n kò lè gbé ní ibi tí eṣinṣin yìí pọ̀ sí, torí àìsàn rẹ̀ ń pa á kíákíá. Àgùntàn kúkúrú wa àti ewúrẹ́ wa ti bá eṣinṣin yẹn gbé láti ayébáyé, ara wọn sì lè gbà á. Bóyá alpaca á rí bẹ́ẹ̀, n kò ní jẹ́ kí o fi owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ dán an wò. N kò tíì ka ìwé àṣẹ tí o máa gbà lọ́wọ́ NAQS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ẹran àti ohun ọ̀gbìn wò, kí ẹran alààyè tó wọ orílẹ̀-èdè yìí, owó ọkọ̀ òfuurufú, àti dókítà ẹran tó ti fọwọ́ kan alpaca rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Má rà á, ọmọ mi. Mo sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́.

Ṣùgbọ́n má ju abẹ́rẹ́ rẹ sílẹ̀. Ní Bradford yẹn kan náà, wọ́n mú mi lọ wo ilé iṣẹ́ ńlá tí Titus Salt kọ́, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1853. Irun alpaca ni ọkùnrin náà fi di olówó, ọkọ̀ òkun ló sì ń kó o wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà sí Liverpool. Ẹran wà níbi tó ti bá a lára mu. Òwò wà ní Bradford. Sọ fún àbúrò ọkọ rẹ pé kí ó máa fi kílò kan kílò kan òwú alpaca tí wọ́n ti ran ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí ẹnìkan bá ń bọ̀ wálé. Kílò kan á ṣe fìlà ọmọ ọwọ́ púpọ̀, àwọn ìyá tó ń bímọ nínú ọyẹ́ á sì rà á. Wúùlù olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà ni kí o máa lò fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ní ti ilẹ̀ yẹn, fi abo àgùntàn mẹ́rin àti àgbò kan bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR, àìsàn tó ń ran àgùntàn àti ewúrẹ́, torí àìsàn yẹn lè kó agbo tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èèpo pákí tí o bá fẹ́ fún wọn gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa nínú oòrùn. Tútù rẹ̀ ní májèlé. Irun wọn kò ṣeé hun, kúkúrú ni, bíi ti ewúrẹ́, àmọ́ ìgbẹ́ wọn á tún ilẹ̀ rẹ ṣe. Kí o sì gbin òwú sí ẹ̀bá ebè iṣu. Ìyá ìyá mi gbìn ín bẹ́ẹ̀ ní Ìyàrá. Nígbà ọyẹ́ tó bá là, a ó kó o wálé, a ó yọ kóró rẹ̀, wọ́n á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi ẹfun pa ìka, kẹ̀kẹ́ ìrànwú á máa yí nínú àwo. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni mo máa fi owó ọkọ̀ lọ wò ní ìlú òyìnbó.

*Mà, ẹ̀gbọ́n mi fi òwú alpaca ránṣẹ́ láti Kánádà. Mo fi hun káádígàn, ó bá mi mu rẹ́gí lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan ó ti gùn dé orókún. Ṣé òwú ayédèrú ni? — Aránṣọ, Ìsánlú*

Òwú gidi ni. Ohun tó ṣe mí náà nìyẹn. Mo hun èyí àkọ́kọ́ fún ara mi ní Bradford bí mo ṣe ń hun wúùlù ọjà, mo sì fi háńgà gbé e kọ́. Irun alpaca kì í fà padà bíi ti àgùntàn ìlú òyìnbó: tó bá ti wúwo, á máa gùn lọ sísàlẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ tó kéré ju èyí tí o lò lọ ni kí o mú, kí ojú rẹ̀ lè ki. Kọ́kọ́ hun ègé kékeré kan fún ìdánwò, ínǹṣì mẹ́rin ní ìbú àti ní gígùn, fọ̀ ọ́, gbé e kọ́ fún ọjọ́ méjì, kí o tó wọ̀n ọ́n. Èyí tó ti gùn yẹn, tú u, kí o tún un hun. Òwú rẹ̀ kò bàjẹ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí o máa fi fọ̀ ọ́, má lọ̀ ọ́, má fún un. Fi tówẹ̀lì ká a, tẹ̀ ẹ́, kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ òjìji. Má gbé e kọ́ mọ́ láéláé, ká a sínú àpótí ni.

*Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Olówùú. Ẹni ọdún 71 ni mí, ọmọ Bùnú. Aṣọ ìpò pupa kan wà nínú àpótí bàbá mi àgbà. Ọmọ ọmọ mi bi mí pé ewé wo ni wọ́n fi pa á láró pupa báyìí, n kò sì rí ìdáhùn fún un. — Bàbá Àgbà, Bùnú*

Bàbá, mo kí yín. Ẹ tọ́jú aṣọ yẹn o, torí kì í ṣe gbogbo ilé ló tún ní in. Àwọn ìyá Bùnú ló hun ún lórí òfì ìdúró, fún ìsìnkú àwọn ìjòyè, àwọn egúngún sì ń wọ̀ ọ́. Àwọn ìyá wa kò wá ewé fún pupa yẹn. Aṣọ pupa tó ti òkè òkun wá ni wọ́n ń tú, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ọsibítù. Wọ́n á fa òwú rẹ̀ yọ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì hun ún mọ́ òwú wa. Irun àgùntàn ìlú òyìnbó ni púpọ̀ nínú búláńkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn, Bàbá. Nítorí náà, irun ẹran òkèèrè ti wọ inú aṣọ wa tipẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sin ẹran náà ní Bùnú.

Ẹ lè fi ojú ara yín mọ ohun tí tiyín jẹ́. Ẹ fa fọ́nrán pupa kékeré kan yọ ní etí aṣọ, kí ẹ fi iná kàn án níta. Tó bá rùn bí irun orí tó jóná, irun ẹran ni. Tó bá rùn bíi bébà, òwú oko ni. Tó bá yọ́, tó di kóró dúdú líle, wúùlù ìgbàlódé tí kì í ṣe irun ẹran ni, aṣọ náà kò sì pẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ tún wò ó bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ irun kì í sábà fọwọ́ kan òwú, nítorí náà ojú pupa nìkan lè ti lu. Ẹ gbé e jáde nínú àpótí, ẹ sá a sóòrùn ní òwúrọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ wé e sínú aṣọ funfun tó mọ́, kí ẹ so ó pa. Kí ọmọ ọmọ yín wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi iná kan fọ́nrán náà.