Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Sìgá, Òróró Ewé àti Àtọ̀ Ọkùnrin

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ń wá ọmọ. Àyẹ̀wò sọ pé irúgbìn mílíọ̀nù 9 ló wà nínú mílílítà àtọ̀ mi kan, ìdá 20 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ń lọ síwájú. Sìgá bíi 12 ni mò ń mu lójúmọ́. Ẹnìkan ní òróró hàbátù sáúdà (òróró kóró dúdú, black seed) yóò tún un ṣe, pé kò dìgbà tí mo bá fi sìgá sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Òróró náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu ún tó tún ń mu sìgá, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 fi ààlà ìsàlẹ̀ sí mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, àti ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún irúgbìn tó ń lọ síwájú. Tiyín kò dé ibẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò ní kí ẹ má lè bímọ. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe, kí ìyàwó yín náà sì ṣe tirẹ̀.

Nikotíìnì, èròjà inú sìgá tó ń sọ ọ́ di bárakú, kì í dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé e dé kórópọ̀n, a sì máa ń bá a nínú omi àtọ̀ gan-an. Ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí nǹkan ọkùnrin àwọn tó ń mu sìgá kì í fi í le dáadáa nígbà mìíràn. Èéfín tún ń kó kádímíọ̀mù àti òjé, irin olóró méjì, wọlé. Awọ tó bo irúgbìn kún fún ọ̀rá tó tètè ń bàjẹ́. Tí májèlé èéfín bá ti kàn án, ọ̀rá yẹn á bàjẹ́ bí òróró tó pẹ́ nínú oòrùn: ìrù á rọ, kò ní lè wẹ̀ mọ́, DNA (ohun tó ń gbé àbùdá bàbá fún ọmọ) tó wà nínú orí á sì já.

Irúgbìn ń lo bí ọjọ́ 74 kó tó dàgbà nínú kórópọ̀n, ó tún ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà. Sìgá oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló wà nínú àtọ̀ òní. Nítorí náà, bí ẹ bá jáwọ́ lónìí, ẹ má sáré lọ ṣàyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ dúró di oṣù mẹ́ta.

Ẹni tó ń mu ju sìgá 10 lọ lójúmọ́ lè lo pílásítà nikotíìnì: 21 mg fún ọ̀sẹ̀ 6, 14 mg fún ọ̀sẹ̀ 2, 7 mg fún ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kan náà lọ́jọ́ kejì, torí ó ń mú ara yún. Nikotíìnì ṣì ni, àmọ́ kò ní èéfín, ó sì lọ́jọ́ ìparí. Fépù (sìgá oníná) kò ní ọjọ́ ìparí, áásáà náà kò ní.

Ó wá ku òróró. Ìwádìí kan láti Ìráànì, tó jáde ní 2014, fún àwọn ọkùnrin tí àtọ̀ wọn kò dára ní mílílítà 2.5, ìyẹn ìlàjì ṣíbí tíì, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún oṣù méjì. Irúgbìn wọn pọ̀ sí i, ó sì ń rìn dáadáa ju ti àwọn tí wọn kò fún lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà kò pọ̀, àtọ̀ ni wọ́n sì wọ̀n, kì í ṣe oyún. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó fẹnu kàn án, torí òun náà lè fa méjèèjì wálẹ̀. Ìgò dúdú ni kó wà. Bó bá ti ń rùn bí ọ̀dà, ẹ dà á nù.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kò sí òróró ewé tó lè pa ọkùnrin lára?

ÌDÁHÙN: Ó wà. Èyí tó burú jù ni òróró kóró òwú tí wọn kò tíì fọ̀. Ní àwọn abúlé kan ní Ṣáínà tí wọ́n ti ń fi í se oúnjẹ, àwọn tọkọtaya kò rọ́mọ bí. Gossypol, májèlé kan tó wà nínú kóró òwú, ló fà á. Láàárín àwọn ọdún 1970, wọ́n dán gossypol wò níbẹ̀ bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lára àwọn ọkùnrin tó ju 8,000 lọ. Irúgbìn àwọn kan kò padà mọ́, pòtásíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn sì já wálẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa fún oúnjẹ kò ní wàhálà yìí.

Òróró dóńgóyárò ń pa irúgbìn nínú ilé àyẹ̀wò. Ní ti lafẹ́ńdà àti tea tree, ìròyìn ìṣègùn kan jáde ní 2007 nípa àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì bàlágà tí ọmú wọn wú nítorí ohun ìpara tó ní òróró wọ̀nyí. Ó lọ nígbà tí wọ́n jáwọ́. Ẹ má fi wọ́n pa kórópọ̀n.

ÌBÉÈRÈ: Baálé mi ní àtọ̀ òun ki, pé kò sídìí fún àyẹ̀wò kankan.

ÌDÁHÙN: Kíki kọ́ ni iye. Gbogbo àtọ̀ ló máa ń ki bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan, á yọ́. Ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi nìkan ló lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú. Kí wọ́n má fi itọ́ ẹnu, òróró tàbí kọ́ńdọ̀mù lásán gbà á. Ìkán àkọ́kọ́ ni kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni irúgbìn pọ̀ sí jù. Kí wọ́n fi ike tí wọ́n gba àtọ̀ sí sábẹ́ ẹ̀wù, lára wọn, kó má tutù, kó sì dé ilé àyẹ̀wò kí wákàtí kan tó pé.