Aago tó ń ka ṣúgà láì gún ìka: èwo ni kí n rà fún Màmá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Màmá wa ti pé ẹni ọdún 74, àwọn nìkan ló sì ń gbé nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Manchester ni èmi wà. Mo rí aago ọwọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ka BP àti ṣúgà láì gún èèyàn lábẹ́rẹ́, tó sì máa ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ. Ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní irú ẹ̀. Wọ́n yá a wò, ó ka 118/76, inú wọn dùn pé ara àwọn ti yá. Oríṣi mẹ́ta ni mo rí. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ má ra ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè yìí, àwọn tó ń ta nǹkan náà sì ti ń bí mi nínú.

Ti ṣúgà ò gba àlàyé púpọ̀. Lóṣù kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn ò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń ka ṣúgà fúnra rẹ̀ láì gún awọ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣúgà tí ẹ ń rí lápá àwọn èèyàn níbi tí ẹ wà, tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ má fi wé e. Fọ́nrán tín-ín-rín kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó wọ inú awọ lọ. Bí ìka gígún bá ti sú Màmá, kí wọ́n máa gún ẹ̀gbẹ́ ìka, kì í ṣe orí ẹ̀. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ fọwọ́: omi máńgòrò tó kù lára ìka lè gbé ṣúgà sókè lórí ẹ̀rọ lásán.

Ti BP gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ẹ yí ẹ̀yìn aago yẹn wò, ẹ máa rí iná aláwọ̀ ewé kékeré tó ń ṣẹ́jú. Iná yẹn ń wọ inú awọ, ẹ̀jẹ̀ ń gbé díẹ̀ mì nínú ẹ̀, ìyókù ń padà sínú aago. Bí ọkàn bá ṣe ń lù ni èyí tó ń padà ṣe ń pọ̀ tó ń dín. Ó dáa fún kíka bí ọkàn ṣe ń lù. Ṣùgbọ́n BP ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó tó ń gbà kọjá. Ẹni tó fẹ́ mọ bí omi ṣe ń ti rọ́bà tó, ṣe ló máa fún un lọ́wọ́, kì í tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ohun tí ẹ̀rọ tí à ń wé mọ́ apá ń ṣe nìyẹn: ó fún apá títí ẹ̀jẹ̀ fi dúró, ó wá ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Aago olówó pọ́ọ́kú ń dá àbá ni. Mo ti so ọ̀kan mọ́ ìgò omi lójú aláìsàn kan rí, ó sì ka 121/79 fún ìgò.

Kì í ṣe gbogbo aago ni mò ń bú o. Ilé-iṣẹ́ Omron ṣe ọ̀kan tí okùn ẹ̀ ń wú bíi ti ẹ̀rọ apá. Ti Samsung, ẹ̀rọ apá ni wọ́n fi ń tún kíkà ẹ̀ tò lọ́jọ́ 28-28, ẹ ṣì máa ra ẹ̀rọ apá náà ni. Ohunkóhun tó bá sì ń fi iná ka ara, ẹ bèèrè irú awọ tí wọ́n fi dán an wò. Ní 2020, ìwádìí kan láti Michigan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti ka ọ́síjìn kùnà láti rí i pé ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú ní bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun.

Ẹ ra ẹ̀rọ apá tí orúkọ ẹ̀ wà lórí àkójọ STRIDE BP, ìyẹn àkójọ àwọn ẹ̀rọ BP tí wọ́n ti dán wò tó péye, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wọn apá Màmá kí ẹ tó sanwó, torí èyí tó bá há jù ń gbé BP sókè. Kí wọ́n tọ̀ tán, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí apá wà lórí tábìlì láìsí aṣọ lára ẹ̀. Kí wọ́n má sọ̀rọ̀. (Èyí ló máa ń nira jù.) Lọ́jọ́ mìíràn, bí wọ́n bá ti kà á lórí ìjókòó tán, kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún un kà lórí ìdúró. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín, ẹ sọ fún dókítà wọn, irú ẹ̀ ló ń gbé àgbàlagbà ṣubú. Bí ẹnu bá wọ́ tàbí apá kan bá rọ, kí wọ́n má ka nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni.

Mi ò tíì rí Màmá, mi ò sì mọ oògùn tí wọ́n ń lò. Dókítà wọn ló lè sọ ibi tó yẹ kí BP wọn wà. Àmọ́ 118/76 yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni, oògùn ló mú un wálẹ̀, kì í ṣe pé àìsàn ti lọ; ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ dá oògùn dúró. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní. Ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn, "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n máa sọ. Ẹ ní kí wọ́n gbé páálí oògùn wá, kí wọ́n ka iye hóró tó kù fún yín lórí fóònù.