Ṣé kí n ra táǹkì irin tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ abẹ́ omi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èbúté-Mẹ́ta ni mò ń gbé, mo sì máa ń bá wọn ha ìdí ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Mo rí táǹkì irin méjì, tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sí kí ènìyàn lè máa mí lábẹ́ omi, ní Ọwọ́dé Onírin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà tuntun kùn wọ́n, ẹni tó ń tà wọ́n sì ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Wọ́n lu 3AA àti 2250 sí èjìká wọn, ọjọ́ àyẹ̀wò tó kẹ́yìn níbẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún 2011. Ṣé kí n rà wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì sanwó. Kì í ṣe ọjọ́ orí wọn ló ń kọ mí lóminú, nítorí pé táǹkì irin tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo ogójì ọdún kó sì tún máa ṣiṣẹ́. Ọ̀dà tuntun yẹn ni. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ìpẹtà tó ń jẹ táǹkì irin sábà máa ń wà nínú, níbi tí omi iyọ̀ ti ráyè wọlé, tàbí lábẹ́ bàtà rọ́bà tí wọ́n fi bọ ìdí rẹ̀, èyí tó máa ń fi omi òkun pamọ́ sára irin fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ ní kó bọ́ bàtà náà níṣojú yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó mọṣẹ́ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, kó yọ fáàfù, kó sì tan tọ́ọ̀ṣì wo inú. Ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rí bí àtíkè ṣeé fọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ tó jẹ irin wọnú, ẹ fi táǹkì náà sílẹ̀ fún àwọn tó ń yọ́ irin.

Ní ti àkọlé èjìká, 3AA ni àmì tí wọ́n fi ń mọ irú táǹkì irin yìí ní Amẹ́ríkà, 2250 sì ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wọ inú rẹ̀, ní psi, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ lójú géèjì. Bí àmì + bá tẹ̀lé ọjọ́ àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, wọ́n lè fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e, kó di 2475. Bí kò bá sí níbẹ̀, 2250 náà ni, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa fi omi dán an wò, nítorí náà àyẹ̀wò tiyín ti pẹ́ kọjá. Wọn yóò rọ omi kún un, wọn yóò sì tẹ omi náà títí agbára rẹ̀ yóò fi dé 3750 psi. Irin náà yóò wú díẹ̀, yóò sì sún padà nígbà tí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́. Bí èyí tí kò sún padà bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo bó ṣe wú lọ, iṣẹ́ ti tán lára rẹ̀. Ẹ bá ọlọ́jà ṣàdéhùn pé ẹ̀yìn àyẹ̀wò ni ẹ ó sanwó, kí ẹ sì yọ owó àyẹ̀wò kúrò nínú iye tí ẹ bá ná an sí. Bí ó bá kọ̀, ẹ̀yin náà ẹ kọ̀.

Ẹ wo fáàfù dáadáa pẹ̀lú. Fáàfù M25, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25, lè wọ ẹnu táǹkì oní 3/4 íǹṣì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì dà bí ẹni pé ó dì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lè ta á jáde bí ọta ìbọn.

Bí ẹ bá rà á, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ mímí ni kí wọ́n fi fa afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹnu ẹ̀rọ náà sì jìnnà sí èéfín jẹnẹrétọ̀, ohun tó ṣòro díẹ̀ ní Èkó wa yìí. Èéfín tó kàn ń fa orí fífọ́ fún ènìyàn lórí ilẹ̀ lè pa á nísàlẹ̀ omi. Ẹ máa fi omi tó mọ́ ṣan táǹkì lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán pátápátá kí omi má bàa ráyè wọlé, kí ẹ sì máa gbé e nàró.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi fi táǹkì irin kan sílẹ̀ sí yàrá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà tó ń lọ sí òkè òkun. Ọdún mẹ́fà rèé, afẹ́fẹ́ ṣì kún inú rẹ̀. Ṣé mo lè wọ omi pẹ̀lú rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Bí omi díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, irin náà yóò máa dípẹtà, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ náà ni ìpẹtà sì ń lò. Agbára afẹ́fẹ́ lè ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lójú géèjì nígbà tí ọ́síjìn ti dín kù, ẹni tó bá sì ń mí i lè dákú láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ẹ gbé e síta, ẹ tú u díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò inú àti ti omi kí ẹnikẹ́ni tó tún fa afẹ́fẹ́ sí i.